Àbúrò Mi Tó Fi Kẹ̀kẹ́ Gun Òkè ní Atlanta

Láti ìgbà tí mo ti dé, kò sí ẹni tó yà kí mi tí kò ní kí n sọ bí Amẹ́ríkà ṣe rí. Ti ilé gogoro àti ọ̀nà tó ń dán ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Mo rí gbogbo ìyẹn, ṣùgbọ́n ojú ẹni tó ń lọ sílé ọ̀fọ̀ ni mo fi wò ó. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi bó ṣe rí gan-an, kí ẹ tó gbọ́ àbùmọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Òkú ni wọ́n rán mi lọ gbé.

Àbúrò mi ni, Sọjí, ẹni tí mo pọ̀n nígbà tí èmi náà ṣì kéré débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀. Ó wà ní ọ̀dọ́ nígbà tó lọ sí Atlanta láti lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Kí ó tó wọ bàálù rárá ni gbogbo ilé wa ní Ìgbájọ ti ń pè é ní Ẹnjiníà. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé pé ó ti pa ìwé tì. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló ń tún ṣe, òun àti àwọn òyìnbó kan sì ń gun kẹ̀kẹ́ ọ̀hún kiri inú igbó àti orí òkè. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Níbi tí ẹni tí kò ní mọ́tò ti ń gun kẹ̀kẹ́, tí ó sì ń gbàdúrà kí Ọlọ́run gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ òun, ta la fẹ́ sọ fún pé torí kẹ̀kẹ́ lọmọ wa ṣe la òkun kọjá?

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wálé, nígbà tí a fẹ́ sin Bàbá. Ó yá kẹ̀kẹ́ aládùúgbò, ó sì gùn ún lọ sórí òkè tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo àdúgbò jáde wá wòran. Bọ̀dá Àgbà, àkọ́bí ilé wa, tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé nígbà náà, dúró sísàlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìsìnkú lọ́rùn, wọ́n ní ẹni tó ti Amẹ́ríkà dé kì í gun kẹ̀kẹ́, kó sọ̀ kalẹ̀ kó yé dójú ti ìdílé. Sọjí sọ̀ kalẹ̀. Ó padà sí Atlanta, kò sì wá mọ́.

Ó sùn nílé rẹ̀ ní Decatur, lẹ́bàá Atlanta, kò jí. Lọ́rà ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ òyìnbó, pè wá pé òun ti jẹ́ kí wọ́n sun òkú náà, nítorí bí ọkọ òun ṣe fẹ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Bọ̀dá Àgbà. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí.

“Dúpẹ́, ìwọ lo pọ̀n ọ́n,” ni wọ́n wí. “Lọ gbé e wálé. Bó bá jẹ́ eérú ló kù, eérú náà la ó sin sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá àti Màmá. Mi ò ní fi àbúrò mi sílẹ̀ fún òyìnbó yẹn, láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n.”

Mo ní mo gbọ́, mo sì ṣe ìlérí pé màá gbé e dé.

Ọkọ dé

Níbi àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Atlanta, obìnrin kan tó wà níwájú mi kọsẹ̀, báàgì rẹ̀ sì já bọ́. Kíá ni mo ti ní “Sorry o.” Obìnrin náà yíjú, ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní kí ni mo ṣe, ṣebí èmi kọ́ ni mo tì í. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó kàn ń bi mí ni. Ojú tì mí díẹ̀, mo sì wí nínú ara mi pé irú ibi tí àbúrò mi gbé nìyí, níbi tó jẹ́ pé ẹni tó bá ṣẹ̀ ọ́ nìkan ló lè bá ọ kẹ́dùn. Mo gbà pé Bọ̀dá Àgbà jàre.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣèyí ló wá pàdé mi. Nọ́ọ̀sì ni, inú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Yorùbá ló ti mọ Sọjí. “Mummy, ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ má worry about the bags, mo ti gbé wọn. Aunty Lọ́rà ló ń bọ̀ yẹn, since morning ni wọ́n ti ń wait.”

Lọ́rà gùn, ó rù, irun rẹ̀ funfun báláú. Mo na ọwọ́ kí n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wọn. Kò gba ọwọ́ náà. Eékún rẹ̀ méjèèjì ló fi gúnlẹ̀ gbì lórí ilẹ̀ táìlì, láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn.

“Ọkọ mi,” ló wí, “ẹ káàbọ̀.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á mọ̀ pé kò ṣì wí. Èmi tí mo wà nílé kó tó wọlé, ọkọ rẹ̀ ni mo jẹ́, àní bí mo tilẹ̀ wé gèlè. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kan tó ń kọjá dúró, ó ní ṣé kò sí nǹkan tó ṣe màmá yìí. Ṣèyí ní ó ń kí ọkọ rẹ̀ ni. Ọlọ́pàá wo Lọ́rà, ó wò mí láti gèlè dé bàtà, ó kí wa kú oríire, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Ìgbà tí mo máa mọ̀, mo ti gbé obìnrin náà dìde, a ti dì mọ́ra wa.

Ògì tí wọn kò sẹ́

Ilé wọn ní Decatur kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin. Lára ògiri pálọ̀, níbi tí àwa ìbá gbé fọ́tò àwọn òbí wa kọ́, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi kọ́ síbẹ̀. Èyí tó pẹ́ jù kò dára lójú rárá. Irin rẹ̀ nípọn, táyà rẹ̀ tóbi, bíréèkì ọ̀kadà ló sì wà lára rẹ̀. Lọ́rà ní Sọjí fúnra rẹ̀ ló jó irin náà pọ̀, nígbà tí kò tíì sí ilé ìtajà kankan ládùúgbò tó ń ta kẹ̀kẹ́ tó lè gun òkè.

Lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni Sọjí wà, nínú àpótí kékeré tí wọ́n kó eérú rẹ̀ sí. Àdìrẹ ni wọ́n fi wé e. Àdìrẹ tí mo fi ránṣẹ́ sí wọn nígbà ìgbéyàwó wọn ni, kò tilẹ̀ tíì ṣá púpọ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ni Lọ́rà ń sọ o, èmi ni mo ń túmọ̀ rẹ̀. Ó ní, “Mo ti wé e sílẹ̀ dè yín. Sọjí sọ fún mi pé bí ọ̀rọ̀ bá dé, ẹ̀yin ni ọkọ, ẹnu yín ni mo gbọ́dọ̀ wò. Bẹ́ ẹ bá ní ẹ máa gbé e lọ, mi ò ní jiyàn. Ohun kan ni mo fẹ́ tọrọ. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn èèyàn rẹ̀ fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ fún ìrántí rẹ̀ lórí òkè tó ti la ọ̀nà, lọ́nà Austell. Ẹ bá mi débẹ̀ kí ẹ tó lọ.”

Mo ti múra ìjà sílẹ̀ láti ilé. Gbogbo ohun tí màá sọ ni mo ti tò sẹ́nu nínú bàálù. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bá ẹni tí kò jà jà? Mo ní màá bá a lọ, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kó mọ̀ pé mi ò ní yí ọkàn padà.

Olùkọ́ iṣẹ́ ìdáná ni mo jẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ bá mi fara da ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Lọ́rà gbé nǹkan funfun kan síwájú mi, ó da bọ́tà àti edé lé e lórí. Mo tọ́ ọ wò. Àgbàdo ni. Ògì ni, tí ẹnikẹ́ni kò ráyè rẹ, tí wọn kò sì sẹ́. Grits ni wọ́n ń pè é. Mo ní kó bá mi mú ṣúgà wá. Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí eyín rẹ̀. Ó ní bí Sọjí náà ṣe béèrè ṣúgà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jẹ ẹ́ nìyẹn, kò sì yé bu ṣúgà sí i títí ó fi kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́ kó má bà wọ́n lórúkọ jẹ́ níwájú àlejò.

Nígbà tí Ṣèyí ti ibi iṣẹ́ dé, ó jókòó tì mí pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀. Mo bi í bóyá lóòótọ́ ni Sọjí máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

“Every Sunday, Mummy. With helmet. Wọ́n á wá park ẹ̀ láàárín àwọn jeep.”

“Kí làwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń sọ?”

“Ha, dem yab am tire. ‘Uncle, when are you buying a car?’ Àwọn kan tiẹ̀ ń gbàdúrà fún wọn, pé God should remember them. Uncle Sọjí á kàn sọ pé amen, wọ́n á tún gun kẹ̀kẹ́ wọn lọ.” Ó bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ̀. “Mummy, nígbà tí mo dé newly, àárò ilé ń sọ mí gan-an. Work, house, work, house. Uncle ló ní kí n wá sórí òkè yẹn. Mi ò lè gun kẹ̀kẹ́ o. Mo kàn máa ń lọ jókòó sọ́dọ̀ wọn ni.”

Ó dùn mí pé a kò fi í lọ́rùn sílẹ̀ nílé, àwọn tiwa tó bá lọ́hùn-ún náà kò fi í lọ́rùn sílẹ̀.

Ìrìn oko

Lọ́jọ́ Sátidé, Ṣèyí wa ọkọ̀ gbé wa lọ. A kọjá níbi tí wọ́n ti ń so àwọn ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù mọ́ra ní Austell, tí wọ́n gùn bí ẹni pé wọn kò lópin, lẹ́yìn náà a yà sínú igbó. Mo rò pé èèyàn díẹ̀ la máa bá. Ẹsẹ̀ kò gbèrò. Àgbà wà níbẹ̀, èwe wà níbẹ̀, aláwọ̀ dúdú àti funfun, oníkálukú pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ní ti ṣòkòtò tí wọ́n wọ̀, ó fún mọ́ wọn lára débi pé mi ò lè ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé tí àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ máa kà.

Wọ́n gbé ìkòkò ńlá kan kalẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ̀pà sísè ló wà nínú rẹ̀, tèèpo-tèèpo, tó gbóná, tó níyọ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní gáréèjì Ìkìrun. Mo rò pé Sọjí ló kọ́ wọn. Wọ́n ní rárá, oúnjẹ àwọn láti ọjọ́ aláyé ti dáyé ni. Mo jẹ ẹ̀pà náà títí omi rẹ̀ fi rin aṣọ mi.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jíìmù wá jókòó tì mí. Ẹgbẹ́ Sọjí ni, ó ń tiro díẹ̀. Ó ní àwọn mélòó kan péré làwọn wà nígbà tí àwọn kọ́kọ́ gbé kẹ̀kẹ́ wá sórí òkè yìí, àwọn èèyàn sì rò pé orí àwọn dàrú. Ó ní kẹ̀kẹ́ títì làwọn mọ̀ ọ́n gùn, bí àwọn bá dé ibi tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́, ńṣe làwọn ń takìtì gba orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ balẹ̀.

“Sọjí ló fi hàn wá,” ló wí. “Ó ní ká dìde dúró lórí pẹ́dààlì, ká ti ìdí sẹ́yìn, ká má fún bíréèkì iwájú pa. A bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní gbogbo ìlú òun ló mọ̀ ọ́n.”

Ẹ̀rín pa mí. Ẹ̀yin ará Ìgbájọ, ṣé ẹ gbọ́? Bí Bàbá ṣe ń fi kẹ̀kẹ́ gbé apẹ̀rẹ̀ iṣu sọ̀ kalẹ̀ láti oko nìyẹn, tí Sọjí máa ń jókòó sórí irin iwájú. Ohun tí wọ́n ń pè ní eré ìdárayá lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ra akoto àti ìbọ̀wọ́, ìrìn oko lásán ni lọ́dọ̀ wa. Mo ṣàlàyé fún Jíìmù. Ó pe àwọn yòókù pé kí wọ́n wá gbọ́, mo sì tún un sọ, títí kan bí iṣu ṣe máa ń já bọ́. Inú mi dùn gan-an bí mo ṣe ń sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ti béèrè lọ́wọ́ mi rí pé irú èèyàn wo ni Bàbá wa.

Níbi kọ́nà

Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ṣíwájú díẹ̀díẹ̀, àwa tí à ń fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé wọn. Lọ́rà gbé Sọjí mọ́ àyà. Ọ̀nà náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń lọ́ kiri láàárín igi, gbòǹgbò sì pọ̀ lórí rẹ̀. Jíìmù sọ fún mi pé kọ́nà kan wà níwájú tí àwọn sọ lórúkọ kan. Ó pe orúkọ náà, mi ò gbọ́ ọ. Kí n tó bi í lẹ́ẹ̀kejì, bàtà mi yọ̀ lórí òkúta, mo fìdí jókòó gbàgà sínú ewé.

Ohùn kan wá láti òkè pé, “Pẹ̀lẹ́.” Òmíràn tẹ̀ lé e láti ẹ̀yìn. Àwọn orí kẹ̀kẹ́ dúró, wọ́n ń yíjú padà, oníkálukú ń sọ ọ́ bí ahọ́n rẹ̀ ṣe lè gbé e. Ẹnì kan tiẹ̀ ní “pélé,” àfi bí ẹni pé ó fẹ́ kọ ilà sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Obìnrin kan tí mi ò rí rí láyé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbọn ewé kúrò lára ìró mi, ó sì ń wí pé pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́.

Jíìmù tọ́ka sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, “Ibí yìí ni mo ti ṣẹ́ egungun yìí. Sọjí fò kalẹ̀, ó ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn léraléra. Mo rò pé ó ń tọrọ àforíjì, mo ní kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi òun. Ó ní nílé tiwọn, ẹni bá ṣubú, wọn kì í jẹ́ kó nìkan ṣubú. Láti ọjọ́ yẹn ni a ti ń sọ ọ́ fún ara wa. Òun ló jẹ́ kí kọ́nà yìí máa jẹ́ Pẹ̀lẹ́.”

Mo jókòó síbẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Kì í ṣe pé mo fara pa. Nígbà tó rọlẹ̀, olùkọ́ inú mi jí, mo ní mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn, “ẹ pẹ̀lẹ́” ni wọ́n ń sọ fún àgbà. Gbogbo wọn tún un sọ pa pọ̀ bí ọmọ kíláàsì kìíní. Lọ́rà nìkan ló ti mọ̀ ọ́n sọ dáadáa tẹ́lẹ̀.

Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀, mo sì ní kí Lọ́rà bá mi gbé e sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà kò tètè yé e. Ṣèyí ló bá a tú àdìrẹ náà, wọ́n sì fi gbá Sọjí mọ́ mi lẹ́yìn. Mo pọ̀n ọ́n gun èyí tó kù lára òkè náà. Kò wúwo rárá, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Lórí òkè lọ́hùn-ún, wọ́n ṣí akoto wọn. Lọ́rà dúró, ó ń wo ẹnu mi bó ṣe ṣèlérí. Ó ti gbé ọkọ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ tán, ó sì ti gbà pé èmi àti Sọjí la jọ ń bọ̀ wálé nínú bàálù. Mo rántí ohun tí mo sọ fún Bọ̀dá Àgbà. Mo wo gbogbo àwọn èèyàn tó yí wa ká, tí wọ́n mọ àbúrò mi.

Mo ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀.

Mo gbàdúrà lédè wa. Wọ́n ń ṣe àmín níbi tí kò yẹ, mo sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Lọ́rà fi ọwọ́ ara rẹ̀ bo iyẹ̀pẹ̀ lé e, èmi náà bo tèmi. Lẹ́yìn náà wọ́n gun kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n dà sísàlẹ̀ pẹ̀lú ariwo, lórí ìdúró, pẹ̀lú ìdí sẹ́yìn.

Ìgbájọ

Bọ̀dá Àgbà ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí mo dé. Wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n sì wo báàgì tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

“Àbúrò mi dà?”

Mo kúnlẹ̀. Gbogbo àlàyé tí mo tò sẹ́nu láti Atlanta ló fò lọ.

“Bọ̀dá,” mo wí, “ẹ ní kí n gbé e wálé. Ilé ni mo bá a.”

Mo rò pé ìbínú máa dé, mo sì ti gbà á. Mo kúkú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bó ṣe rí, ti èrò tó pọ̀ bẹ́ẹ̀, ti iṣu Bàbá, ti bí wọ́n ṣe kí mi nígbà tí mo ṣubú. Wọ́n ń gbọ́. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọn kò fi í sójú padà.

“Òkè ọ̀hún,” ni wọ́n wí nígbà tó yá, “ṣé ó ga tó tiwa?”

Mo ní kò ga tó o.

Wọ́n mi orí. Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè ohun tí wọn kò béèrè rí láti ìgbà tí Sọjí ti gbéyàwó.

“Ìyàwó wa ńkọ́? Ṣé ó ń jẹun?”

Mo ní kí wọ́n bi í fúnra wọn, mo sì tẹ nọ́ńbà rẹ̀.